Màmá wa ń pé ẹni àádọ́rùn-ún ọdún, kí la máa kọ sínú búkù ayẹyẹ wọn?

ỌmọÒkèlérìn

Ẹ kú ilé o ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Ọ̀rọ̀ kan ló wà ńlẹ̀ tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ bá mi dá sí, ẹ jọ̀ọ́, torí ó ti fẹ́ máa dá wàhálà sílẹ̀ láàárín ẹbí wa.

Màmá tó bí ìyá mi máa pé ẹni àádọ́rùn-ún ọdún lọ́dún tó ń bọ̀. Ògbómọ̀ṣọ́ ni wọ́n ń gbé, ara wọn ṣì le, iyè wọn ṣì pé, ẹsẹ̀ nìkan ló ń yọ wọ́n lẹ́nu. Gbogbo ọmọ ti fẹnu kò pé a máa ṣe ìdúpẹ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì, a máa se oúnjẹ, a sì máa tẹ búkù kan tá a máa pín fún àwọn tó bá wá, búkù yẹn ni wọ́n wá dì lé mi lórí torí wọ́n ní èmi ni mo mọ Yorùbá kọ. Mo bá ní kí àwọn bọ̀dá àti àǹtí fi ohun tí wọ́n bá rántí nípa màmá ránṣẹ́ sí mi lórí WhatsApp. Ẹ gbọ́ ohun tí wọ́n fi ránṣẹ́: ọmọ tó di dókítà, ọmọ tó wà ní Kánádà, ilé tí wọ́n kọ́, mọ́tò tí bọ̀dá àgbà rà fún màmá, oyè tí ṣọ́ọ̀ṣì fi dá wọn lọ́lá. Gbogbo ẹ̀ ló dáa, ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run. Àmọ́ ìtàn àwọn ọmọ nìyẹn, màmá gan-an ò sí níbẹ̀.

Ọ̀dọ̀ màmá ni mo gbé láti kékeré títí mo fi parí sẹ́kọ́ńdírì. Aago márùn-ún ìdájí wọ́n ti wà lẹ́nu ògì. Kì í ṣe gbogbo ògì yẹn ni títà o, ike kan máa ń wà lọ́tọ̀ tó jẹ́ ti abíyamọ tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ ládùúgbò, òmíì á wà fún ẹni tára ẹ̀ ò bá yá. Ọmọ tuntun tí wọ́n ti wẹ̀ ní Òkèlérìn, àdúgbò wa, kò lóǹkà, wọn ò sì gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni rí. Tí wọ́n bá gbé aláìsàn láti abúlé wá sí ọsibítù Bátíìsì tí kò ní ẹbí nítòsí, wọ́n á ránṣẹ́ sí màmá, màmá á gbé abọ́ lọ. Àwọn ọmọ aláìníyàá tó wà ní Kersey, ilé ìtọ́jú ọmọ ti àwọn Bátíìsì, wọ́n máa ń bá àwọn W.M.U., ẹgbẹ́ àwọn obìnrin ṣọ́ọ̀ṣì Bátíìsì, lọ síbẹ̀ lọ fọṣọ, kí wọ́n sì gbé àwọn tó ń ké pọ̀n. Látìgbà tí wọ́n ti ti Ghana dé lọ́dún 1969 ni wọ́n ti ń ṣe èyí. Àwọn ọmọ ọlọ́mọ tí wọ́n tọ́ nínú ilé yẹn pọ̀ ju àwọn tí wọ́n bí lọ, mi ò sì gbọ́ kí wọ́n yà wá sọ́tọ̀ rí, abọ́ kan náà la jọ ń jẹ.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti wá dojú rú ni pé kò sí sáfíkéètì kankan, kò sí lẹ́tà ìgbanisíṣẹ́, kò sí owó oṣù, kò tiẹ̀ sí ọjọ́ ìbí tó dájú. Tí mo bá jókòó láti kọ ọ́, gbólóhùn mẹ́ta ló máa tán: wọ́n fẹ́ràn Ọlọ́run, wọ́n fẹ́ràn ọmọnìkejì, wọ́n lawọ́. Gbogbo òkú tí wọ́n ń sin ni wọ́n ń kọ ìyẹn sí lára. Mo sọ fún bọ̀dá àgbà pé ìtàn ògì yẹn gan-an ló yẹ ká kọ, wọ́n ní ta ló fẹ́ ka ìtàn ògì.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti kọ irú ẹ̀ rí, tàbí tẹ́ ẹ mọ bí wọ́n ṣe ń kọ irú ìgbésí ayé báyìí, ibo lẹ gbà wọ̀ ọ́? Ẹ bá mi dá sí i, mi ò fẹ́ kí wọ́n tẹ màmá mi sínú búkù bí ẹni tí ò ṣe nǹkan kan ju pé ó bí dókítà.

TíṣàÀná_Ìbàdàn

Ọmọ mi, o kú àròjinlẹ̀. Èmi fẹ́ ka ìtàn ògì yẹn, kó o bá mi sọ fún bọ̀dá rẹ.

Ohun tí mo rí láti bí ọdún mélòó kan tí mo ti ń gba ìtàn àwọn àgbà sílẹ̀ ni pé iṣẹ́ tí ìjọba bá san owó lé lórí ni wọ́n ń kọ sílẹ̀. Wọ́n á kọ ọdún tí kọmíṣánnà dépò, wọ́n á kọ ọdún tó kúrò. Obìnrin tó ń bọ́ abíyamọ ní àdúgbò fún ogójì ọdún, níbo ni wọ́n máa kọ tiẹ̀ sí? Ẹgbẹ́ ló fi ń ṣe é, òun àtàwọn obìnrin bíi tiẹ̀, tí ẹgbẹ́ ò bá sì ní akọ̀wé tó mọ̀ ọ́n tọ́jú ìwé, ó tán nìyẹn.

Wo Alhaja Humuani Alaga n'Ìbàdàn níbí. Aṣọ ni ìyá yẹn ń tà. Wọ́n fẹ́ fi ọmọ wọn obìnrin sí ilé-ìwé, àwọn aláṣẹ ilé-ìwé ní àwọn ò gbà á torí Mùsùlùmí ni. Ọ̀pọ̀ òbí ló wà láyé ìgbà yẹn tó máa yí orúkọ ọmọ padà kó lè rí ilé-ìwé wọ̀, Rafiu á di Raphael, ọ̀rọ̀ tán. Alhaja Alaga ò ṣe bẹ́ẹ̀. Lọ́dún 1958 ìyá yìí àtàwọn obìnrin Mùsùlùmí tí wọ́n jọ ń ṣe dá ẹgbẹ́ Isabatudeen sílẹ̀, wọ́n ń dáwó, wọ́n ń sáré kiri, nígbà tó máa di 1964 ilé-ìwé gíráámà ti àwọn ọmọbìnrin ti dé, Isabatudeen Girls' Grammar School. Ọdún 1993 ni màmá kú, àwọn ọmọbìnrin ṣì ń wọ ọgbà ilé-ìwé yẹn láàárọ̀. Ẹ wò ó, ìyá kan tó kàn fẹ́ kí ọmọ òun kàwé ni, ọ̀rọ̀ ọmọ tara ẹ̀ ló fi bẹ̀rẹ̀, ó wá di ti ọmọ gbogbo ìlú. Mo fẹ́ kó o fi ibẹ̀ yẹn sọ́kàn dáadáa torí bẹ́ẹ̀ náà ni ti màmá rẹ ṣe máa rí tó o bá tú u wò, ibì kan wà tí ọ̀rọ̀ ilé wọn ti di ọ̀rọ̀ àdúgbò, ìwọ wá ibẹ̀ yẹn.

Ẹnì kejì ni Lady Oyinkan Abayomi ti Èkó, wọ́n bí wọn ní 1897, wọ́n kú ní 1990, ẹ rí i pé ẹ̀mí gígùn wà ńbẹ̀. Ọmọ olówó ni tiwọn, bàbá wọn ni Sir Kitoye Ajasa, London ni wọ́n ti kọ́ orin, 1920 ni wọ́n padà wá sí Èkó tí wọ́n ń kọ́ àwọn ọmọ ní orin. Lọ́dún 1923 wọ́n fẹ́ lọ́yà kan, Moronfolu Abayomi, kò ju nǹkan bí oṣù méjì lẹ́yìn ìgbéyàwó tí wọ́n fi pa ọkọ sínú kóòtù. Ọmọ ọdún 26 ni wọ́n di opó. Kò sẹ́ni tó máa bá wọn wí ká ní wọ́n ti ilẹ̀kùn mọ́rí jókòó sílé. Àwọn Girl Guides, ẹgbẹ́ àwọn ọmọdébìnrin, ni wọ́n gbájú mọ́, wọ́n kó àwọn ọ̀dọ́bìnrin jọ, wọ́n ń wá owó kí ìjọba lè dá ilé-ìwé sílẹ̀ fún ọmọbìnrin, nígbà tí Queen's College máa ṣílẹ̀kùn ní October 1927, ogún ọmọ ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀, Lady Oyinkan sì wà lára àwọn tíṣà. 1930 ni wọ́n tún fẹ́ Dókítà Kofo Abayomi. Nígbà tí àwọn obìnrin Èkó dá Nigerian Women's Party sílẹ̀ ní 1944, ilé wọn ni wọ́n ti ṣèpàdé ẹ̀.

Ìdí tí mo fi mẹ́nu ba àwọn méjèèjì ni pé ọ̀kan ń tajà, ìkejì jẹ́ ọmọ gbajúmọ̀, síbẹ̀ ohun kan náà ló jẹ́ ká mọ̀ wọ́n, nǹkan tó ní orúkọ dúró lẹ́yìn wọn, ilé-ìwé, ẹgbẹ́ tó ní ìwé mítíìnì. Ti màmá rẹ, èèyàn ló dúró. Nítorí náà àwọn èèyàn yẹn ni ìwé wọn, àwọn ni kó o lọ ṣí. Má bẹ̀rẹ̀ láti ọjọ́ ìbí, bẹ̀rẹ̀ láti aago márùn-ún ìdájí tó o kọ síbí yìí, kọ gbogbo ọjọ́ kan látàárọ̀ dalẹ́ bí màmá ṣe ń lò ó. Ẹni tó bá ka ọjọ́ kan yẹn tán ti mọ ogójì ọdún. Kó o sì wá sẹ́kítírì W.M.U. ṣọ́ọ̀ṣì yín lọ, ti àtijọ́ o, kì í ṣe ti ìsinsìnyí, ìwé mítíìnì máa wà lọ́wọ́ ẹnì kan.

Àyọ̀kẹ́_Leeds

Ẹ kú iṣẹ́ Tíṣà, ẹ ṣeun gan-an, mo gba gbogbo ohun tẹ́ ẹ sọ, àmọ́ ẹ jẹ́ kí n sọ apá kan tí wọn kì í fẹ́ ká sọ.

Irú màmá yìí ló bí èmi náà. Kò sẹ́ni tí kò mọ̀ wọ́n ládùúgbò wa, ìyá gbogbo ayé ni wọ́n ń pè wọ́n, ẹ̀yin tẹ́ ẹ bá jẹ́ ọmọ ìyá gbogbo ayé ẹ mọ ohun tí mò ń sọ. Màá ti ilé-ìwé dé, ẹran tí mo fi sílẹ̀ láàárọ̀ ti wọ abọ́ ẹlòmíì. Ọmọ tí mi ò mọ̀ rí á ti sùn sórí ẹní mi. Lọ́jọ́ tí mo gba ẹ̀bùn ní ilé-ìwé, gbogbo òbí ló wá, màmá tèmi ò wá, wọ́n ti bá ẹnì kan lọ sin òkú ọmọ ẹ̀. Nígbà yẹn mi ò lè sọ ọ́ torí tí mo bá sọ ọ́ màá dà bí ọmọ burúkú, mo kàn gbé e mì ni, ó sì pẹ́ nínú mi.

Mi ò sọ èyí láti fi ba màmá ẹnikẹ́ni jẹ́. Mo fẹ́ràn ìyá mi dójú ikú. Ohun tí mò ń sọ ni pé tó o bá kọ màmá rẹ bí áńgẹ́lì tó ń fò kiri tó ń pín ògì, àwọn ọmọ tó gbé nínú ilé yẹn máa kà á wọ́n á mọ̀ pé irọ́ wà ńbẹ̀. Ògì tí màmá pín, ta ló pọnmi ẹ̀? Ta ló gbé àgbàdo lọ sẹ́nu ẹ̀rọ, ta ló sẹ́ ẹ? Ẹ̀yin ni. Ta ló dákẹ́ nígbà tí wọ́n mú ọmọ ọlọ́mọ kẹrin wọlé? Bàbá yín àgbà ni. Ṣé ẹnì kankan ti bi bàbá yẹn léèrè rí pé báwo ló ṣe rí lára wọn? Iṣẹ́ àánú tí ìyá kan bá ń ṣe láti inú ilé, gbogbo ilé ló ń ṣe é, bí wọ́n fẹ́ bí wọ́n kọ̀. Ẹ kọ ìyẹn síbẹ̀. Ẹ bi àwọn àǹtí yín pé kí ló dùn wọ́n, ẹ jẹ́ kí wọ́n sọ ọ́, mo fẹ́ kí wọ́n sọ ọ́ nígbà tí màmá ṣì wà láyé tí wọ́n lè fún wọn lésì.

Èmi ò rí ìyẹn ṣe. Ọdún tí màmá mi ṣàìsàn tó gbé wọn lọ, mo rọ́jú dé láti ibí, mo rò pé màá bá ilé ní òfìfo. Ọ̀pọ̀ obìnrin ni mo bá nínú ilé tí mi ò mọ̀, wọ́n ti pín ọjọ́ láàárín ara wọn, ti Mọ́ńdè wà lọ́tọ̀, ti Túsìdeè wà lọ́tọ̀, wọ́n ń wẹ̀ wọ́n, wọ́n ń yí wọn padà lórí bẹ́ẹ̀dì bó ṣe yẹ kí egbò má bàa mú wọn, èmi tí mo jẹ́ nọ́ọ̀sì kò rí ibi tí mo ti máa bá wọn wí. Ìgbà yẹn ni mo tó mọ ibi tí ẹran inú abọ́ mi ń lọ.

ỌmọÒkèlérìn

Àǹtí Àyọ̀kẹ́, ẹ pa mí lẹ́kún. Mo ka ohun tẹ́ ẹ kọ fún ìyá mi lórí fóònù, wọ́n kọ́kọ́ dákẹ́, wọ́n wá ní „ọ̀rẹ́ ẹ yẹn mọ ilé wa ni?" Wọ́n ní bàbá àgbà, télọ̀ ni wọ́n, tí màmá bá ti mú ọmọ tuntun wọlé bàbá á kàn pe ọmọ náà wá sídìí ẹ̀rọ ìránṣọ, wọ́n á wọn èjìká ẹ̀, kó tó di Sunday ọmọ yẹn ti ní aṣọ ṣọ́ọ̀ṣì. Bàbá ò ní sọ nǹkan míì. Mi ò gbọ́ ìyẹn rí láyé mi! Gbogbo ìgbà tá a bá ń yin màmá, kò sẹ́ni tó dárúkọ bàbá.

ỌmọẸjìgbò_Kumasi

Ibi tó o ti sọ Ghana 1969 yẹn ló jẹ́ kí n wọlé, torí Kumasi ni wọ́n bí èmi sí, ọmọ Ẹjìgbò ni bàbá mi. Ẹ jẹ́ kí n bá ẹ rántí nǹkan kan kó o lè bi màmá dáadáa.

November 1969 ni ìjọba Busia, olórí ìjọba Ghana nígbà náà, ní kí gbogbo àlejò tí kò bá ní ìwé ìgbélùú kúrò ní Ghana, ọ̀sẹ̀ méjì ni wọ́n fún wa. Ọ̀sẹ̀ méjì! Àwọn kan ti lo ogójì ọdún níbẹ̀, wọ́n ti kọ́lé, wọ́n ní ṣọ́ọ̀bù, Ògbómọ̀ṣọ́, Ẹjìgbò, Ìnísà, Ọ̀fà, Ọ̀yọ́, kò sí ìlú wo nínú àwọn ìlú yẹn tí wọn ò ní èèyàn ní Kumasi tàbí Tamale tàbí Accra. Kódà àwọn oníṣòwò wa tí wọ́n jẹ́ Bátíìsì ló gbé ìjọ Bátíìsì dé Ghana. Ẹní bá ní ẹ̀rọ ìránṣọ mẹ́rin ta mẹ́ta lówó pọ́ọ́kú, bàbá tìẹ tó jẹ́ télọ̀ á mọ̀ nípa ìyẹn. Inú lọ́rì la wà láti Togo dé Dahomey (Benin ìsinsìnyí) kó tó di pé a wọ ilé, ọmọ kékeré ni mí, ohun tí mo rántí jù ni òùngbẹ.

Wàhálà tó ṣòro jù kì í ṣe ojú ọ̀nà o, ìgbà tá a délé ni. Ilé tí a máa wọ̀ kò sí. Yorùbá wa kò dán, Twi, èdè Ghana, là ń sọ láàárín ara wa, àwọn ọmọ ilé ń fi wá ṣe yẹ̀yẹ́. Àwọn bàbá wa jókòó, wọ́n káwọ́ lérí, àìmọye wọn ni ìrònú pa láàárín ọdún díẹ̀ sí i. Ta ló wá kó wa wọlé? Àwọn obìnrin ni. Kì í ṣe ọ̀kan, kì í ṣe méjì. Àwọn ìyá ṣọ́ọ̀ṣì, àwọn ìyá mọ́ṣáláṣí, ẹni tó ní yàrá méjì yọ ọ̀kan. Ìyá kan tí kì í ṣe ẹbí wa rárá gbà wá sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ ẹ̀, èèyàn mẹ́jọ, wọ́n ń kó ìrẹsì fún ìyá mi ní àwìn láti tà, kó lè rí owó kékeré dì mú. Ìyẹn ò sí nínú ìwé ìtàn tí èmi tíì rí. Ohun tí wọ́n ń kọ ni òfin Busia, wọn ò kọ ẹni tó fún wa lẹ́ní.

Màmá tìẹ gan-an tí Ghana dé lọ́dún yẹn, ìyẹn ni pé àwọn fúnra wọn ò ní nǹkan kan lọ́wọ́ nígbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí ran ẹlòmíì lọ́wọ́. Ibẹ̀ yẹn ni èmi máa fi ṣe orí àkọ́kọ́ tó bá jẹ́ èmi ni mò ń kọ ọ́. Bi wọ́n pé ta ló gbà wọ́n sílé lóru ọjọ́ tí wọ́n dé. Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ lè fọwọ́ sọ̀yà pé gbogbo ohun tí wọ́n ń ṣe láti ìgbà yẹn, ọ̀dọ̀ ẹni yẹn ni wọ́n ti rí i kọ́.

ÌwéAdúláwọ̀

Lórí ọjọ́ ìbí, má bi wọ́n ní ọdún, torí wọ́n á kàn sọ èyí tí ẹnì kan bá wọn kọ sórí ìwé ìdìbò ni. Bi wọ́n léèrè nǹkan tí ojú wọn rí. Ṣé wọ́n rántí ọjọ́ tí òòrùn wọ̀ lọ́sàn-án gangan tí adìyẹ lọ sùn? Ọjọ́ 20 oṣù karùn-ún 1947 nìyẹn. Nígbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ Awólọ́wọ̀ ní January 1955, ṣé wọ́n ti wọlé ọkọ? Nígbà tí Queen Elizabeth wá ní 1956 ńkọ́? Ọmọ wo ló wà lẹ́yìn wọn nígbà tí mọ́tò bọ́ sí apá ọ̀tún ní April 1972, èwo ni wọ́n ń fún lọ́mú nígbà tí wọ́n pa owó pọ́n-ùn tì tí a gba náírà ní January 1973? Tó o bá rí mẹ́ta tó bára mu nínú ìwọ̀nyẹn, ọdún ìbí máa jáde fúnra ẹ̀.

Kó o sì má gbé fóònù síwájú wọn bí ọlọ́pàá, wọ́n á kàn máa gbàdúrà fún ẹ ni, ìṣẹ́jú ogún máa fi lọ lórí àdúrà. Jẹ́ kí wọ́n máa bó ẹ̀gúsí tàbí kí wọ́n máa ṣa ẹ̀wà, ọwọ́ tó bá ń ṣiṣẹ́ máa ń tú ẹnu sílẹ̀. Ní kí wọ́n ki oríkì ara wọn àti ti bàbá, gba ohùn yẹn sílẹ̀, má fi lé ẹlòmíì lọ́wọ́, torí ẹni tó mọ̀ ọ́n kì nínú ìran tiwa yìí kò tó nǹkan mọ́, tí ìyá yẹn bá lọ pẹ̀lú ẹ̀, ó lọ nìyẹn.

ỌmọÒkèlérìn

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o. Mo ti lọ sílé mo ti dé, mo ní ọ̀pọ̀lọpọ̀ nǹkan láti sọ.

Àkọ́kọ́, òòrùn tó wọ̀ lọ́sàn-án, wọ́n rántí ẹ̀ bí àná! Wọ́n ní ojú ọ̀nà odò ni àwọn wà, àbúrò àwọn wà lẹ́yìn àwọn, àwọn ju ìkòkò sílẹ̀ àwọn sá, ìyá wọn sì nà wọ́n nítorí ìkòkò yẹn. Ẹni tó lè pọn àbúrò tó sì tún ń lọ pọnmi, ọmọ ọdún mẹ́wàá mọ́kànlá ni, ó bá àádọ́rùn-ún mu.

Bọ̀dá Ẹjìgbò, ohun tẹ́ ẹ sọ rí bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́. Mo bi wọ́n ta ló gbà wọ́n sílé ní 1969. Wọ́n ní ìyá kan tó ń ta iyọ̀, tí kò bímọ, tí gbogbo èèyàn ń sọ̀rọ̀ ẹ̀ láìdáa. Ilé ẹ̀ ni wọ́n wọ̀, òun ló fún wọn ní àgbàdo tí wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ ògì. Nígbà tí ìyá yẹn kú, màmá ló wẹ̀ ẹ́, wọ́n ní kò sẹ́lòmíì tó fẹ́ wẹ̀ ẹ́. Mi ò gbọ́ orúkọ obìnrin yìí rí, bẹ́ẹ̀ ìdí ilé wa ló wà yẹn.

Ìkejì ni ohun tó gbà mí lọ́kàn jù. Mo ń wá fọ́tò nínú àpótí wọn, mo bá rí búkù olójú-ewé ọgọ́ta bíi mélòó kan, wọ́n fi ọ̀já aṣọ dè wọ́n pọ̀. Màmá ò mọ̀wé kọ, ọmọ yòówù tó bá ń gbé lọ́dọ̀ wọn nígbà náà ni wọ́n máa ń ní kó kọ ọ́, oríṣiríṣi ìkọ̀wé ló wà ńbẹ̀, ti ìyá mi wà níbẹ̀, tèmi náà wà níbẹ̀, mo ti gbàgbé pátápátá. Ẹ wo bí wọ́n ṣe kọ ọ́:

„Ìyàwó bíríkìlà. Ọmọ́ kéré. Ògì, epo díẹ̀, aṣọ ìgbọ́mọ 1."

„Ìyá àgbà ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀ṣì. Ojú. Bá a lọ ọsibítù Wẹ́sídeè."

„Ọmọ sítúdẹ́ǹtì, owó ìdánwò. Kó má san án padà."

Ojú ìwé lórí ojú ìwé. Wọ́n fi ìlà pa èyí tó bá ti parí, àwọn kan wà tí wọn ò tíì fi ìlà pa, mo sì bi wọ́n nípa ọ̀kan, wọ́n ní ẹni yẹn ṣì ń jìyà.

Mo sáré fi han bọ̀dá àgbà, bọ̀dá tó ní ta ló fẹ́ ka ìtàn ògì. Wọ́n jókòó wọ́n kà á títí iná fi lọ, wọ́n tan tọ́ọ̀ṣì wọ́n ń kà á lọ. Wọ́n ní àwọn ló máa san owó ìtẹ̀wé, ká tẹ gbogbo ẹ̀ bó ṣe wà.

Ibi tí màmá ti wá bá wa fà á nìyẹn o. Wọ́n ní a ò gbọdọ̀ tẹ̀ ẹ́. Wọ́n ní „ẹni tí mo gbé oúnjẹ fún lóru, ẹ má bá mi gbé e síta lọ́sàn-án." Wọ́n ní àwọn kan nínú àwọn tó wà níbẹ̀ ti di èèyàn ńlá, ọmọ wọn ò mọ̀ pé ìyá wọn tọrọ jẹ rí. Bọ̀dá ní orúkọ ò sí níbẹ̀, màmá ní gbogbo Òkèlérìn ló mọ ìyàwó bíríkìlà. Kí ni ká ṣe báyìí?

TíṣàÀná_Ìbàdàn

Ti màmá ni kẹ́ ẹ ṣe. Àṣírí àwọn ẹni ẹlẹ́ni tí wọ́n bò láti 1969 wà lára iṣẹ́ tí wọ́n ṣe, ẹ ò lè máa yìn wọ́n kẹ́ ẹ tún máa tú u. Ẹ gba àyè lọ́wọ́ wọn láti tẹ ojú ìwé kan ṣoṣo tí kò lè tọ́ka sẹ́nì kankan, kẹ́ ẹ ya fọ́tò búkù náà ní pípadé pẹ̀lú ọ̀já aṣọ tó dè é. Àwọn tó kù, ẹ kà á fúnra yín kẹ́ ẹ lè mọ irú nǹkan tí wọ́n ń ṣe àti bí wọ́n ṣe ń ṣe é, kẹ́ ẹ wá fi ọ̀rọ̀ tiyín kọ ọ́. Ìyá oníyọ̀ yẹn ní tiẹ̀, tí màmá bá gbà, ẹ kọ orúkọ ẹ̀ gàdàgbà. Kò bímọ, kò sẹ́ni tó máa kọ ọ́ tí ẹ̀yin ò bá kọ ọ́.

Àyọ̀kẹ́_Leeds

Mo fara mọ́ Tíṣà. Kí wọ́n sì fi búkù yẹn pa mọ́ síbi tí òjò ò ní dé o, kí ikán má jẹ ẹ́, ẹ kó o sínú nylon kẹ́ ẹ tó gbé e sínú àpótí irin. Mo fẹ́ mọ ẹni tí màmá ń sọ pé ó ṣì ń jìyà yẹn, kì í ṣe orúkọ, ohun tó nílò ni mo fẹ́ mọ̀. Fi ránṣẹ́ sí mi ní ìkọ̀kọ̀.

ỌmọÒkèlérìn

Àǹtí, mo ti fi ránṣẹ́ sí yín. Màmá ní kí Ọlọ́run má jẹ́ kẹ́ ẹ rí àìsàn ọmọ.

A ti fẹnu kò: ojú ìwé àwọn ọmọ àti ilé àti mọ́tò máa wà lẹ́yìn, ojú ìwé méjì péré. Ọjọ́ kan látàárọ̀ dalẹ́ ló máa ṣíwájú, lẹ́yìn ẹ̀ ni Ghana àti ìyá oníyọ̀, màmá ti fọwọ́ sí i pé ká kọ orúkọ ẹ̀, inú wọn dùn débi pé wọ́n ní ká bá wọn wá ibojì ẹ̀ kí wọ́n fi símẹ́ǹtì sí i. Bàbá télọ̀ náà ní ojú ìwé tiwọn, ìyá mi ló fẹ́ kọ ìyẹn fúnra wọn. Sátidé mo ń lọ rí sẹ́kítírì àtijọ́ ti W.M.U., wọ́n ní ìwé mítíìnì wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì àwọn. Bọ̀dá Ẹjìgbò, màmá ní kí n bi yín pé apá ibo lẹ gbé ní Kumasi, torí wọ́n rántí ìdílé Ẹjìgbò kan tó ń ta ìlẹ̀kẹ̀ nítòsí ọ̀dọ̀ wọn, wọ́n ní ọmọ wọn ọkùnrin kan wà tó máa ń wá jẹ kenkey lọ́dọ̀ àwọn.